Wo Ilẹ̀ Kí O Tó Wo Ilé

Ilé àkọ́kọ́ tí mo gbà ní ìlú etíkun, ọ̀dà ara rẹ̀ ni mo rí tí mo fi sanwó. Wọ́n kun ògiri ní funfun nigín-nigín, àfi ìsàlẹ̀ rẹ̀, láti ilẹ̀ dé orúnkún mi, tí wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ eérú kùn yí ilé ká. Mo tiẹ̀ yìn wọ́n fún un. Mo ní àwọn onílé yìí lóye, pé ìdọ̀tí kò ní tètè hàn lára ọ̀dà tó ṣókùnkùn. Ó gbà mí ní oṣù mẹ́rin kí n tó mọ ohun tí ọ̀dà eérú náà ń bò.

Lọ́jọ́ tí mo mọ̀ ọ́n, òjò kò rọ̀. Oòrùn ń ràn, aṣọ tí mo sá síta ti ń gbẹ. Mo gbọ́ ohùn kan láti ìta, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń fi omi yọ ẹnu. Mo yọjú. Ihò gọ́tà tó wà létí títì, èyí tó yẹ kó máa gbé omi òjò lọ sínú òkun, òun gan-an ló ń pọ omi jáde. Omi náà mọ́, kò rùn rárá. Ẹja kan tó tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́ ń wẹ̀ kiri lójú títì níbi tí mọ́tò máa ń gbà. Kí n tó ká kápẹ́ẹ̀tì nílẹ̀ tán, omi ti dé ọrùn ẹsẹ̀ mi nínú pálọ̀.

Bàbá àgbàlagbà kan tó ń gbé òkè ilé wa bẹ̀rẹ̀ wò mí láti fàráńdà rẹ̀. Ó ní, "Pẹ̀lẹ́ o. Ṣé wọn ò sọ fún ẹ ni?"

Mo ní, "Kí ni wọn ò sọ fún mi, Bàbá?"

Ó na ọwọ́ sí ara ògiri, síbi tí ọ̀dà eérú ti pàdé funfun. Ó ní, "Ibẹ̀ yẹn ló dé lọ́dún tó kọjá."

Ajẹ́ńtì tó mú mi débẹ̀ kò kúkú purọ́ fún mi. Ohun tó sọ ni pé, "Adúgbò yìí ń gòkè bọ̀." Òótọ́ ni. Omi ibẹ̀ náà ń gòkè bọ̀.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń tú ọ̀rọ̀ yẹn wò. Gbogbo wa la fẹ́ mọ adúgbò tó ń gòkè bọ̀ kí ayé tó mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń wá ilé tí agbára rẹ̀ ká ń wá a, ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ ń wá a, ẹni tó fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù náà ń wá a. Ní ìlú tí kò sí létí omi, ojú títì, iná, ilé ìwé àti ààbò lèèyàn ń wò. Wọ́n wà ní etíkun náà, ṣùgbọ́n ará ilé kan tún wà níbẹ̀ tí kì í san owó ilé, tí kò sì sí lánlọ́ọ̀dù tó lè fún un ní ìwé pé kó kó jáde.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀, torí èmi náà kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ etíkun ayé, òkun máa ń kún, á tún fà, lẹ́ẹ̀mejì láàárín wákàtí 24 àti ìṣẹ́jú 50. Tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, tàbí tí òṣùpá bá di àrànmọ́jú, òṣùpá àti oòrùn á jọ pawọ́ pọ̀ fa omi, kíkún rẹ̀ á sì ju ti ọjọ́ yòókù lọ. Inú òkun ni ẹnu gọ́tà ìlú etíkun ṣí sí. Ibi tí òkun dé láyé àwọn tó gbẹ́ ẹ ni wọ́n fi wọn gọ́tà, kì í ṣe ibi tó dé láyé tiwa. Láàárín 1901 sí 2018, òkun ayé ti ga sókè ní nǹkan bí 20 sẹ̀ǹtímítà. Ya ọwọ́ rẹ, wọ̀n ọ́n láti àtàǹpàkò dé ọmọńdinrín, kò ju bẹ́ẹ̀ náà lọ. Ṣùgbọ́n lẹ́nu gọ́tà, ìwọ̀n ọwọ́ kan yẹn ló ń pinnu bóyá omi ń lọ ni tàbí ó ń bọ̀.

Mo kó kúrò níbẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé nípa àwọn ìlú etíkun bí ẹni tí wọ́n jà lólè tó wá ń kọ́ nípa àgádágodo.

Ohun àkọ́kọ́ tó yà mí lẹ́nu ni ohun tó ń sọ adúgbò etíkun di ahoro kó tó tún jí. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn láti máa sọ pé àwọn ayàwòrán àti olórin ló ń kọ́kọ́ wọ ibẹ̀, tí ilé kọfí á tẹ̀ lé wọn, tí owó á tẹ̀ lé kọfí. Bóyá. Ṣùgbọ́n kí ló mú kí àyè ṣófo níbẹ̀ tí ayàwòrán fi rí ilé ńlá gbà ní owó pọ́ọ́kú? Kọ̀ǹténà ni. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹrin 1956, ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Ideal X, tí Malcom McLean ni ín, gbé kọ̀ǹténà 58 láti Newark lọ sí Houston, ní Amẹ́ríkà. Ṣáájú ìgbà yẹn, èjìká ni wọ́n fi ń ru ẹrù kúrò nínú ọkọ̀, àpò kan tẹ̀ lé òmíràn. Ìdí nìyẹn tí ilé ìkẹ́rùsí fi gbọ́dọ̀ sún mọ́ omi, tí àwọn alárù náà sì ń gbé nítòsí. Kọ̀ǹténà kò fẹ́ èjìká. Ó fẹ́ omi jíjìn, pápá gbalasa àti ẹ̀rọ agbẹ́rù gàgàrà, kò sì sí àyè fún ìyẹn láàárín ìlú. Bí èbúté ṣe ń kó lọ sẹ́yìn ìlú nìyẹn, ní ìlú kan lẹ́yìn òmíràn. Ó fi àwọn ilé tí ògiri wọn nípọn, tí fèrèsé wọn ga, sílẹ̀ létí omi láàárín gbùngbùn ìlú, láìsí ẹni tó fẹ́ wọn.

Nítorí náà, tí mo bá dé ìlú etíkun tí n kò mọ̀, ìbéèrè mi àkọ́kọ́ kò jẹ mọ́ ilé rárá. Mo máa ń béèrè pé: níbo ni èbúté wà tẹ́lẹ̀, ìgbà wo ló sì kúrò níbẹ̀?

Kí èbúté kúrò kò sọ pé owó máa tètè dé. Wo London, níbi tí omi òkun ń gba odò Tems wọlé. Ní 1981 ni wọ́n ti èyí tó kẹ́yìn nínú àwọn èbúté àtijọ́ ńlá ibẹ̀ pa, ọdún kan náà tí ìjọba dá àjọ kan sílẹ̀ láti tún agbègbè náà ṣe. Ilé gogoro àkọ́kọ́ ní Canary Wharf, lára agbègbè náà, parí ní 1991. Nígbà tó fi di 1992, gbèsè ti wọ àwọn tó kọ́ ọ lọ́rùn, ilé wà, ayálégbé kò tó. Ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ Jubilee tí gbogbo wọn ń retí kò dé ibẹ̀ títí di 1999. Lónìí, ibẹ̀ kún fún báńkì. Àwọn tó kọ́kọ́ náwó síbẹ̀ mọ ibi, wọn kò mọ ìgbà. Mo máa ń rántí wọn nígbàkígbà tí ẹnì kan bá fi àwòrán réluwéè tí wọ́n máa kọ́ hàn mí. Kò burú kéèyàn retí réluwéè, ṣùgbọ́n ọdún mélòó ni owó ọwọ́ rẹ lè dúró dè é?

Barcelona yàtọ̀ díẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ojú irin àti ilé iṣẹ́ ló dí àárín àwọn ará Poblenou, adúgbò kan níbẹ̀, àti òkun. Ẹni tó ń gbé létí omi kò rí omi. Nígbà tí wọ́n ń múra Òlíńpíìkì 1992, wọ́n ká ojú irin kúrò, wọ́n ṣí etíkun sílẹ̀. Ní 2000, ìlú náà fọwọ́ sí ètò kan tí wọ́n pè ní 22@, láti sọ nǹkan bí 200 hẹ́kítà ilẹ̀ ilé iṣẹ́ àtijọ́ di ibi iṣẹ́ ìgbàlódé. Ohun tí mo rí mú níbẹ̀ ni pé kí n máa wo ohun tó ń dí ọ̀nà: ògiri, ojú irin, títì ńlá. Tí owó bá ti wà nílẹ̀ láti ká a kúrò, tí iṣẹ́ sì ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ju ìpolówó ogún lọ.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù ni Red Hook, ní Brooklyn, New York. Ká ní mo wà níbẹ̀ ní 2011, màá ti sáré gbowó jáde. Gbogbo àmì ló pé: ilé ìkẹ́rùsí oníbíríkì pupa, ayàwòrán, òkúta pẹlẹbẹ lójú títì, kéèyàn tún máa wo ère Òmìnira lórí omi látojú fèrèsé. Ní alẹ́ ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá 2012, ìjì Sandy ti òkun wọ inú rẹ̀. Àwọn tó ń gbé ilé ìjọba níbẹ̀ lo ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ láìní iná. Kò sí ìkankan nínú àwọn àmì tí mo kà sílẹ̀ yẹn tó bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀. Gbogbo wọn, orí ilé ni wọ́n ti wá.

Ẹni tó bá fẹ́ rí àwọn tó kọ́kọ́ bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀, kó wo Hamburg ní Jámánì. Omíyalé ọdún 1962 pa ènìyàn tó lé ní 300 níbẹ̀, wọn kò sì gbàgbé. Nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ èbúté àtijọ́ di adúgbò tuntun, HafenCity, ìta ògiri tó ń dá omi dúró ni ilẹ̀ náà bọ́ sí, níbi tí omi ti lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ fàlàlà. Wọn kò mọ ògiri mìíràn. Ilẹ̀ gan-an ni wọ́n gbé sókè, tí ilé àti títì fi wà ní nǹkan bíi mítà 8 sí 9 lókè ìpele òkun. Wọ́n fi ọ̀nà ẹsẹ̀ tó wà létí omi sílẹ̀ nísàlẹ̀, kí omi máa wá gun un nígbà tó bá wù ú. Èyí wù mí gan-an. Kò pọn dandan kí ilẹ̀ ga láti ọjọ́ tí Ọlọ́run ti dá a, ṣùgbọ́n ẹnì kan gbọ́dọ̀ sanwó gbígbé e sókè, mo sì fẹ́ mọ ẹni náà kí n tó tọwọ́ bọ ìwé.

Èmi kò rí Hamburg rà. Òkè ni mo gbà lọ.

Adúgbò tí mo kó lọ, ẹ̀yìn ojú irin ni, lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tí kò ga tó ohun tí èèyàn ń pè ní òkè. Tí o bá ń rìn ín, ó lè má yé ọ pé o ń gun nǹkan. Tí o bá gun kẹ̀kẹ́, itan rẹ á sọ fún ọ. Kò sí òkun ní fèrèsé. Àwọn ọ̀rẹ́ mi káàánú mi. Lójú tiwọn, ẹni tó wá sí ìlú etíkun tó lọ ń gbé ẹ̀yìn réluwéè, ó ti jókòó sẹ́yìn nílé ijó.

Mo fi oṣù kan wo ibẹ̀ kí n tó gbà á. Mo lọ láàárọ̀, mo lọ lálẹ́, mo sì dúró de òṣùpá àrànmọ́jú, mo lọ dúró lẹ́bàá gọ́tà wọn ní wákàtí tí òkun kún jù. Ẹni tó bá rí mi lọ́jọ́ yẹn á rò pé mo sọ owó nù sínú ihò. Gọ́tà gbẹ. Ewé gbígbẹ wà nísàlẹ̀ rẹ̀. N kò mọ ìgbà tí ewé gbígbẹ ti dùn mọ́ mi nínú bẹ́ẹ̀ rí.

Alẹ́ ni mo fẹ́ràn jù. Lọ dúró ní òpópónà kan ní nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́, lọ́jọ́ tí kì í ṣe òpin ọ̀sẹ̀, kí o ka fèrèsé tí iná wà. Lápá etíkun tí mo ti kúrò, ìdajì ilé ló máa ń ṣókùnkùn. Wọ́n lẹ́wà, wọ́n tún wọn ṣe, ṣùgbọ́n ilé àlejò ni wọ́n, tàbí ilé ẹni tó ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Àpótí kọ́kọ́rọ́ kékeré máa ń so mọ́ ilẹ̀kùn wọn, èyí tí àlejò ń tẹ nọ́ńbà sí. Òpópónà tí irú àpótí bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ kò gòkè bọ̀ mọ́. Ó ti gòkè tán, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ti bá ọ̀nà tiwọn lọ. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yìí, iná wà káàkiri, ẹnì kan ń bá ọmọ jà lórí iṣẹ́ àmúṣe.

Lẹ́yìn náà ni mo fọwọ́ kan irin. Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun kò fẹ́ràn ẹnikẹ́ni. Ó ń wọ inú kọnkéré díẹ̀díẹ̀ títí á fi kan irin inú rẹ̀. Irin á dípẹtà, á wú, kọnkéré á sì bẹ́ bí èèpo. Ilé ọdún mẹ́wàá létí omi lè ti darúgbó ju ilé ogún ọdún tó wà ní ẹ̀yìn ìlú lọ. Abẹ́ fàráńdà ni kí o wò, kì í ṣe ojú ilé. Tí o bá rí ilà pupa bíi ti ìpẹtà tó ń ṣàn wálẹ̀, tí wọ́n sì ti fi ọ̀dà tuntun kọjá lórí rẹ̀, máa lọ. Èrò tèmi ni pé ẹni tó ń kun ògiri lè máa múra àtitajà, ṣùgbọ́n ẹni tí mo bá rí tó ń tún gọ́tà òrùlé ṣe, ibẹ̀ ló fẹ́ máa gbé. Nígbà tí mo bá rí mẹ́ta irú rẹ̀ ní òpópónà kan, mo máa ń dúró bá wọn sọ̀rọ̀.

Bí mo ṣe mọ Ìyá tó wà nílé kejì nìyẹn. Orí àkàbà ni ọmọ wọn wà, Ìyá dì í mú nísàlẹ̀, wọ́n ń pàṣẹ. Mo kí wọn, mo ní mo gbọ́ pé adúgbò yìí ń gòkè bọ̀. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. Wọ́n ní, "Ta ló ń gòkè bọ̀? Àwa ti wà lókè láti ọjọ́ yìí. Ẹ̀yin lẹ ń gòkè bọ̀."

Nígbà náà ni mo lóye ohun tí mo ti kà nípa Miami, tó kàn wà lórí mi bí ìtàn. Etíkun ni olówó ibẹ̀ gbà. Òkè òkúta ẹfun kan wà tó gùn lọ lẹ́yìn etíkun, orí rẹ̀ ni wọ́n gbé ojú irin gbà, ẹ̀gbẹ́ ojú irin náà ni wọ́n sì ti aláwọ̀ dúdú àti àjèjì sí, ní àwọn ibi bíi Liberty City àti Little Haiti. Kò sẹ́ni tó du ibẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́. Òkúta tó wà lábẹ́ ìlú náà ní ihò wínníwínní bíi kànrìnkàn, nítorí náà kò sí ògiri tó lè dá omi dúró pátápátá; ó ń gba abẹ́ wọlé. Ìwádìí kan tó jáde ní 2018 nípa iye tí wọ́n ń ta ilé ní agbègbè Miami fi hàn pé bí ilẹ̀ ṣe ga sí ti ń hàn nínú bí owó ilé ṣe ń yára gbéra sí. Àwọn tí wọ́n tì sí òkè nígbà tí òkè kò níyì, wọ́n wá ń jí bá ajẹ́ńtì lẹ́nu ọ̀nà.

Ọ̀pọ̀ òjò ló ti rọ̀ tí ilẹ̀ ti fi mu lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wa láti ọdún tí mo débẹ̀. Ìwé ìkìlọ̀ ìkọ́lé ti wà lára òpó mẹ́rin. Ilé tó wà níkòríta ti di funfun nigín-nigín. Ọmọ Ìyá ní owó ilé tí wọ́n ń pè fún òun tí òun bá fẹ́ gba tòun lọ́tọ̀ nítòsí ìyá òun, òun ò ní ín. Mo mọ̀ pé irú mi wà lára ohun tó fà á. Èmi ni mo lọ ń wo gọ́tà wọn, èmi ni mo sọ fún ọ̀rẹ́ méjì, àwọn ọ̀rẹ́ náà sì sọ fún ẹlòmíràn. N kò mọ bí èèyàn ṣe lè wá ibi tó gbẹ láì fi ọwọ́ ti ẹni tó ti wà níbẹ̀. Ohun tí mo rí ṣe ni pé mo ń bá wọn lọ sí ìpàdé adúgbò nígbà tí ọ̀rọ̀ ìwé ara òpó bá délẹ̀, Ìyá a sì máa sọ fún mi níbẹ̀ pé kí n dákẹ́, kí àwọn tó pẹ́ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀dọ́kùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀ dá mi dúró níwájú ilé. Fóònù wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń wá ilé, wọ́n ti rí ọ̀kan nísàlẹ̀, òpópónà kejì sí òkun. Wọ́n fi àwòrán rẹ̀ hàn mí. Ògiri funfun, ìsàlẹ̀ aláwọ̀ eérú. Mo fi ìka mi sí ibi tí ọ̀dà méjèèjì ti pàdé, mo sọ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ fún wọn, títí kan ẹja tín-ín-rín yẹn. Mo ní tí wọ́n bá lè mójú kúrò lára ibẹ̀, kí wọ́n wo apá òkè yìí.

Ìyàwó wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ ṣé gan-an ni. Ibi tí a ti lè máa rí òkun ni a fẹ́."

Mo ní kò burú, wọ́n máa rí i.